Ọta Tí Kò Gba Àwáwí

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ní ọdún mẹ́ta tí mo lò ní Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ mi kì í retí pé n ó dárúkọ ni bí a ti ń fi ọwọ́ ẹni ṣe ọta ìbọn. Ìwé ni mo bá lọ, mo sì kà á; ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ alẹ́ ni mo lò nínú yàrá iṣẹ́ baba arúgbó kan ní ìpínlẹ̀ Colorado, tí mo jókòó ti òṣùwọ̀n kékeré kan, tí mo ń ka ìwọ̀n ẹ̀tù fún un. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí mo gbà pé ó kan ọdẹ, ó sì kan ẹni tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ baba náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbé ti ilé lọ. Ọdẹ ni baba tí ó bí mi, ní ìlú wa ní Òkè-Ògùn, ìbọn ṣakabùlà ni ó sì ń lò. Ẹni tí ó bá mọ ṣakabùlà mọ̀ pé ọwọ́ ni a fi ń ki í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A ó da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, a ó fi akísà dí i, a ó fi ọ̀pá ìkìbọn gún un kí ó le dáadáa. Lẹ́yìn náà ni a ó kó ọta sí i, a ó sì tún fi akísà dí i lórí. Baba mi kò ní òṣùwọ̀n kankan ju ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá ki ìbọn tán, a fi ìka wọn ibi tí ọ̀pá ìkìbọn yọ dé lókè ẹnu ìbọn, ó sì mọ iye ìka tí ó tó ẹran kékeré àti iye tí ó tó ẹran ńlá. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ó máa ń fi ọ̀rọ̀ kan dán ahọ́n mi wò. A ní, ẹtu ni ẹran, ẹ̀tù ni ohun tí a fi ń pa á. Ẹni tí ó bá ṣi ohùn lórí ọ̀kan, kí ó ṣọ́ra kí ó má ṣi ọwọ́ lórí èkejì.

Kì í ṣe àwàdà lásán ni ó ń ṣe. Ọdẹ kan wà ní àdúgbò wa tí ó ki ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní òru ọjọ́ kan, nítorí pé òjò lé e wọ abẹ́ igi, nígbà tí ó sì jáde kò rántí mọ́ pé òun ti ki í tẹ́lẹ̀. Ìbọn náà fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìka mẹ́ta ni ó sì bá a lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀tù kì í dárí ji ẹni tí ó bá gbàgbé.

Ní ọdún 2014 ni mo dé Colorado, ní ìhà ibi tí àwọn òkè Rocky ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ẹran méjì ni àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń retí jù lọ bí ìgbà ooru wọn bá ń parí lọ. Èkíní ni irú àgbọ̀nrín kan tí etí rẹ̀ gùn bí ti ìbaaka. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní elk. Ìbátan àgbọ̀nrín ni elk, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní títóbi; akọ rẹ̀ tí ó bá dàgbà lè wọn 700 pọ́ùn, ìwo rẹ̀ a sì yọ ẹ̀ka bí igi. Kò sí ìpínlẹ̀ tí elk pọ̀ sí tó Colorado ní gbogbo Amẹ́ríkà. Wọ́n lé ní 250,000 níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1910, ìbọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti lọ kó òmíràn wá láti Wyoming. Nítorí náà ni òfin ọdẹ wọn fi le. Ní ọdún 1937 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí a máa fi owó orí tí a ń gbà lórí ìbọn ọdẹ àti ọta, tí í ṣe 11 nínú 100, tọ́jú àwọn ẹran ìgbẹ́. Ní Colorado, ẹnikẹ́ni tí a bá bí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949 gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ kí ó tó lè ra ìwé àṣẹ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọdẹ tí ó bá mú ìbọn lọ sí òkè ní láti wọ aṣọ tí ń tàn yanran bí ọsàn tí ó pọ́n, kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rò pé ẹran ni. Òfin tilẹ̀ sọ bí ọta tí a ó fi pa elk ti gbọ́dọ̀ wúwo tó.

Baba tí mo gba yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 79. Káfíńtà ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbé ìlú òkèèrè. Ní ilẹ̀ náà, orúkọ tí a sọ àgbà ní ọjọ́ ìkómọ ni ọmọdé fi ń pè é. Ẹnu mi kò gbà á, mo ń pè é ní Bàbá, nígbà tí ó sì gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n pe orúkọ mìíràn mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2015, ó pè mí sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ní òun ti gba ìwé àṣẹ láti pa abo elk kan ní oṣù Kẹwàá, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìgbẹ̀yìn, nítorí òkè ti ń ga ju ẹsẹ̀ òun lọ. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n bí ó bá mú ohun wẹ́wẹ́, ojú rẹ̀ kò sì rí àwọn ilà tín-ín-rín ara òṣùwọ̀n mọ́, bí ó tilẹ̀ ń rí ọ̀ọ́kán kedere. Ó ní, “Ọmọ ọdẹ ni o pe ara rẹ. Wá ṣe ojú àti ọwọ́ fún mi.”

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi ra ọta ní ọjà, nítorí kò sí ìlú kan níbẹ̀ tí a kì í ti rí i rà. Ó ní ìbọn dà bí ènìyàn. Méjì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe ní ọjọ́ kan náà lè má ní ìwà kan náà. Ọta ọjà ni a ṣe kí ó lè wọ gbogbo ìbọn, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ọwọ́ ṣe, ìbọn kan ṣoṣo ni a ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ náà yé mi kíákíá. Aṣọ tí a rán sílẹ̀ ní ọjà lè bo gbogbo ènìyàn ní ìhòòhò, ṣùgbọ́n èyí tí télọ̀ wọ̀n sí ni lára ni ó ń bá ni mu.

Ìbọn rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ọta rẹ̀ ń jẹ́ .30-06. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ gba ọta náà wọlé ní ọdún 1906, ibẹ̀ ni 06 orúkọ rẹ̀ ti wá. Ohun mẹ́rin ni ó wà lára katiríìjì kan. Èkíní ni àkọ̀ idẹ tí ó gba gbogbo àwọn ìyókù mọ́ra. Èkejì ni práímà, ìṣáná kékeré tí ó wà ní ìdí àkọ̀ náà, tí irin ìbọn ń lù kí iná tó ṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tù, kì í sì í ṣe ẹ̀tù dúdú tiwa tí ń rú èéfín bí iná igi tútù. Irú èyí tí kì í rú èéfín ni, èyí tí Paul Vieille ará Faransé ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1884. Ẹ̀kẹrin ni ọta gan-an, òjé tí a fi bàbà bò.

Lórí ọta, Bàbá sọ ìtàn kan fún mi tí gbogbo ọdẹ ibẹ̀ mọ̀. Ní ọdún 1946, John Nosler ń ṣọdẹ ní Kánádà, ó yìnbọn lu ẹran ńlá kan tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ara rẹ̀. Ọta náà bà á, ṣùgbọ́n ó fọ́ kí ó tó wọnú dé ibi tí ó yẹ. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé ẹran náà lágbára. Ọkùnrin yìí padà sílé, ó ṣe ọta tí ó ní ògiri bàbà láàárín inú rẹ̀, tí iwájú ń ṣí bí òdòdó, tí ẹ̀yìn kì í sì í fọ́. Ní ọdún 1948 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Irú ọta yẹn ni Bàbá ń lò.

Bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà nìyí. Àwọn àkọ̀ tí ìbọn náà ti yìn tẹ́lẹ̀ ni a kọ́kọ́ kó jọ. A dà wọ́n sínú ẹ̀rọ kan tí ń gbọ̀n, pẹ̀lú kùkù àgbàdo tí a ti lọ̀ wẹ́wẹ́, tí ó ń bó èérí ara wọn títí wọn a fi máa dán. Ẹ wo kùkù àgbàdo tí a ń dà sẹ́yìn ààrò nílé! Iná ti mú kí idẹ náà fẹ̀ nígbà tí a yìn ín, nítorí náà a fi epo pa á lára, a sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí. Ẹ̀rọ náà a sì yọ práímà tí ó ti jóná kúrò. Idẹ a máa gùn sí i díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń lò ó, a sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, ti.30-06 kò gbọ́dọ̀ ju 2.494 ínṣì lọ. Èyí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀, a gé e. Èyí tí ó bá ti sán, bí ó ti wù kí sísán náà kéré tó, a sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn náà ni a fi práímà tuntun sí i.

Ẹ̀tù ló kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tèmi wà. Gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù, 7,000 gíréènì ni ó sì wà nínú pọ́ùn kan. Òṣùwọ̀n Bàbá lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá gíréènì kan hàn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀tù tí ọta kan ń gbà kò kún ṣíbí tíì. Mo ń da ẹ̀tù sórí àwo òṣùwọ̀n ní ẹyọ ní ẹyọ, títí ọ̀pá rẹ̀ a fi dọ́gba, n ó wá ka iye rẹ̀ sókè, Bàbá a sì tún un kà lẹ́yìn mi. Òfin mẹ́ta ni ó fi lélẹ̀. Ìgò ẹ̀tù kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, kí a má baà fi ọ̀kan pe òmíràn. A kò gbọ́dọ̀ tan rédíò, a kò sì gbọ́dọ̀ tàkúrọ̀sọ. Kí a tó tẹ ọta sí ẹnu àkọ̀ kankan, a ó tò gbogbo wọn sórí pákó, a ó tan tọ́ọ̀ṣì sí inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a rí i pé ẹ̀tù dọ́gba nínú gbogbo wọn, pé kò sí èyí tí ó ṣófo, kò sì sí èyí tí ó gba ti méjì. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo tan tọ́ọ̀ṣì yẹn, ọdẹ àdúgbò wa tí ó pàdánù ìka mẹ́ta ni mo ń rò.

A kò dédé mọ iye ẹ̀tù tí ìbọn náà fẹ́. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀tù máa ń tẹ ìwé tí ó sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ibi tí ó kéré ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe ọta mẹ́ta lórí ìwọ̀n yẹn, ó fi ìdajì gíréènì kún un, ó ṣe mẹ́ta mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gòkè títí ó fi ṣe oríṣi mẹ́fà. Ní oṣù Kẹjọ a kó wọn lọ sí pápá ìyìnbọn, ó sì ń yìn wọ́n láti orí tábìlì sí bébà tí ó wà ní 100 yáàdì. Bí ó bá ti yin mẹ́ta, a jókòó títí ọ̀pá ìbọn yóò fi tutù. Ihò mẹ́ta àkọ́kọ́ jìnnà sí ara wọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ti ẹ̀kẹrin sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìdérí ìgò ohun mímu lè bò wọ́n. Ti ẹ̀karùn-ún tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká. Nígbà tí ó yin àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kẹfà, irin tí a ń fà láti ṣí ìbọn le díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ojú práímà rẹ̀ sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbá dúró lójú ẹsẹ̀. Ìwé kò tíì ní kí a dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ti sọ̀rọ̀. Nígbà tí a délé, ó tú méjì tí ó kù palẹ̀, ó sì da ẹ̀tù wọn padà sínú ìgò.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Bàbá ní ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí. Lórí ìwọ̀n ẹ̀kẹrin yẹn, a padà sí pápá ní ọjọ́ méjì mìíràn. A sì tún lọ ní òwúrọ̀ kan ní ìparí oṣù Kẹsàn-án tí ìrì dídì bo koríko, nítorí pé òtútù a máa dín agbára ẹ̀tù kù, inú òtútù ni ẹran sì wà. Nígbà gbogbo ni àwọn ihò náà ń sún mọ́ ara wọn. Ó tún ìbọn náà ṣe kí ọta rẹ̀ máa ba ojú àmì ní 200 yáàdì. Láti ibẹ̀ lọ, ọta a máa wálẹ̀: ní 300 yáàdì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9 ínṣì, ní 400, ó lé ní 20.

Ìgbà yìí ni ó ṣe ohun tí mo ka sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ó kúrò lórí tábìlì. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó gbé ìbọn lé àpò ẹ̀yìn rẹ̀, bí yóò ti ṣe ní orí òkè, ó sì ń yìn ín sí àwo ìjẹun tí a fi bébà gé. Ní 300 yáàdì, márùn-ún nínú márùn-ún bà á. Ní 400, mẹ́ta bà á, méjì lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ó padà sórí tábìlì, ó yin ọta kan náà ní 400 yẹn kan náà. Márààrún bà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọta kò jẹ̀bi, ìbọn kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó kù ni èmi.” Ó gé bébà pélébé kan, ó kọ 300 sí i gàdàgbà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn.

Ọjọ́ márùn-ún ni ìgbà ọdẹ elk àkọ́kọ́ fún oníbọn ní oṣù Kẹwàá. Mo bá a gòkè. Ó gbé ìbọn, èmi gbé ẹrù, aṣọ aláwọ̀ ọsàn sì wà lára àwa méjèèjì. Ibi tí a pàgọ́ sí ga ju òkun lọ ní ohun tí ó tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, èémí kì í sì í tó ni níbẹ̀. Ọjọ́ méjì kọjá, a kò rí nǹkan kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, abo elk mẹ́fà jáde sí pápá koríko níwájú wa. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́, afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Bàbá fi awò tí ń ka ọ̀nà wò wọ́n: 415 yáàdì. Kò sí ibi tí a lè gbà sún mọ́ wọn tí wọn kò ní rí wa. Ó gbé ìbọn lé àpò rẹ̀, ó wo inú awò ìbọn, ó pẹ́. Èmi mọ̀ pé ọkùnrin yìí lè má tún gòkè mọ́ láyé. Mo mọ̀ pé mẹ́ta nínú márùn-ún ni yóò bà á, pé ẹran tí ọta bá sì gba ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá yóò rìn lọ kú sínú igbó lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tí a kò ní rí i. Ó wo bébà tí ó wà ní ìdí ìbọn. Ó yọ katiríìjì náà kúrò, ó fi sápò, ó sì ní kí n gbé omi gbígbóná wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí ó ku bí ìdajì wákàtí kí ilẹ̀ ṣú, ọ̀kan jáde ní 190 yáàdì. Ó yin ín lẹ́ẹ̀kan. Ẹran náà rìn bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ó wó lulẹ̀. Nígbà tí a là á, ọta ti gba inú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kọjá. Òru ni a fi ru ẹran náà sọ̀kalẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n Bàbá pín ẹran yẹn ká ilé mẹ́rin ní àdúgbò kí ó tó kó èyí tí ó kù sínú ẹ̀rọ amómitutù rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sílé ní ọdún 2017, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún baba tí ó bí mi. Ó bèèrè nípa kùkù àgbàdo, ó sì yà á lẹ́nu pé a lè wọn ẹ̀tù bí alágbẹ̀dẹ wúrà ti ń wọn wúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo parí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Èyí tí kò yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ.”

Òótọ́ ni ó sọ. Lọ́dọ̀ wa, bí ọdẹ bá tàsé, ẹlẹ́bi kì í wọ́n. Ìrì sẹ̀ sí ẹ̀tù, ọta kò ṣe rébété, ẹran náà kì í ṣe ẹran lásán, tàbí kí ó jẹ́ pé ayé ni. Ó sì lè jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn, nítorí ẹni tí kò wọn ẹ̀tù kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀tù ni ó jẹ̀bi. Gbogbo wàhálà tí Bàbá ṣe láti oṣù Keje, títẹ̀, gígé, wíwọ̀n, títan tọ́ọ̀ṣì sínú àkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwáwí ni ó ń mú kúrò lọ́nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kò fi sí ohun tí ó lè dá lẹ́bi mọ́ bí kò ṣe ara rẹ̀. Nígbà tí ó sì ku òun nìkan, ó wọn ara rẹ̀ pẹ̀lú, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bọ̀wọ̀ fún un ní ọjọ́ tí ó dùn ún jù lọ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwa tí ń kàwé, tí ń kọ́ni, kì í wọ́n àwáwí fún àwa náà: ìbéèrè le, iná kò sí, ìwé kò tó nílé ìkàwé. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n iye èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa nínú wọn, ẹ jẹ́ kí a mú un kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a lè rí bí àwa fúnra wa ti tó. Ohun tí kò bá sì tíì tó wa yìn, kí a fi katiríìjì sápò, kí a sún mọ́ ọn sí i.